Ojú Lalákàn Fi Ń Ṣọ́rí: Ọ̀rọ̀ Lórí Ìléru Àwọn Ilé Iṣẹ́ Wa

Ẹnikẹ́ni tí ó bá dúró ní Warehouse Road ní Àpápá ní kùtùkùtù òwúrọ̀ yóò rí ohun méjì. Èkínní ni àwọn òṣìṣẹ́ tí ń ti Ajégúnlẹ̀ bọ̀, tí wọ́n ti gba Boundary kọjá kí oòrùn tó mú, tí olúkúlùkù di abọ́ oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ mú, tí wọ́n ń lọ sí ilé iṣẹ́ àti ilé ìkẹ́rùsí. Èkejì ni àwọn tírélà tí ń gbé ẹrù lọ sí èbúté, àti àwọn tí ń gbé ẹrù ti èbúté bọ̀. Lójú ẹni tí ń kọjá lọ, tútù ni gbogbo ẹrù wọ̀nyí. Ṣùgbọ́n kò sí ọ̀pá irin kan, kò sí ìgò kan, kò sí àpò sìmẹ́ńtì kan, kò sí àpò ṣúgà funfun kan tí kò kọ́kọ́ la ooru kọjá kí ó tó tutù. Ẹnì kan ni ó dúró ti ooru náà. Bí kò bá jẹ́ ọmọ Ajégúnlẹ̀, a jẹ́ ọmọ Ìkòròdú tàbí ọmọ Ògijo. Nítorí ẹni náà ni a ṣe mú kálàmù lónìí.

Ohun tí a fẹ́ sọ kò pọ̀. Ẹ̀rọ kan wà nínú ayé lónìí tí ń ya àwòrán ooru. Ó ń fi ibi tí iná ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ ògiri ìléru tán han ènìyàn, kí ògiri náà tó ya, nígbà tí ojú lásán kò tíì rí ohunkóhun. Àwa ń sọ pé kò yẹ kí òṣìṣẹ́ kankan ní ilẹ̀ yìí tún máa dúró ní ẹ̀gbẹ́ ìléru tí a kò fi irú ojú bẹ́ẹ̀ wò. A sì ń sọ pé kí òfin pa á láṣẹ, kí ó má ṣe jẹ́ ohun tí ó wu olówó ilé iṣẹ́ nìkan.

Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ń kọ́ ọmọ ní ìtàn inú Bíbélì mọ̀ nípa ìléru ọba Nebukadinésárì. Gbogbo ayé ni ó rántí Ṣádírákì, Méṣákì àti Àbẹ́dínígò, àwọn mẹ́ta tí iná kò jó. Ta ni ó rántí àwọn ọkùnrin alágbára tí ó gbé wọn dé ẹnu iná, tí ooru ìléru náà sì pa lójú ẹsẹ̀? Ìwé Mímọ́ kò dárúkọ wọn. Ọba kò kú, àwọn ìjòyè kò kú. Àwọn tí a rán níṣẹ́ ni ó kú. Láti ìgbà náà títí di òní, ẹni tí ó súnmọ́ ẹnu ìléru jù lọ ni ẹni tí a kì í dárúkọ nígbà tí iná bá ṣe ọṣẹ́.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ohun àjèjì ni iná ńlá jẹ́ fún àwa ọmọ Yorùbá. Ní Igbó Olókun ní Ilé-Ifẹ̀, àwọn awalẹ̀pìtàn ti hú àwọn ìkòkò tí àwọn baba wa fi yọ́ dígí láti fi ṣe ìlẹ̀kẹ̀. Leo Frobenius ará Jámánì dé ibẹ̀ ní 1910. Ọmọ wa, Ọ̀mọ̀wé Abídèmí Babalọlá, sì tún wa ilẹ̀ náà ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún lẹ́yìn rẹ̀, ó sì fi hàn pé àwọn ará Ifẹ̀ ni ó ń ṣe dígí náà fúnra wọn láàárín ọ̀rúndún kọkànlá sí ìkẹẹ̀ẹ́dógún, kì í ṣe pé wọ́n ń rà á lọ́wọ́ àlejò. Ní ti irin, ìsọ̀ alágbẹ̀dẹ kò ṣàjèjì sí ìlú kankan ní ilẹ̀ wa. Alágbẹ̀dẹ kì í lo ìwé, kì í lo ẹ̀rọ. Àwọ̀ irin ni ó fi ń mọ ìwọ̀n ooru rẹ̀. Bí ó bá pọ́n rẹ́súrẹ́sú, ó mọ̀ pé kò tíì tó í lù. Bí ó bá pọ́n bí ọsàn, ó gbé owú. Bí ó bá funfun tí ó ń ta ìparun, ó mọ̀ pé òun ti fẹ́rẹ̀ẹ́ ba iṣẹ́ jẹ́. Ojú tí ó mọ iṣẹ́ ni ojú náà, a kò sì gbọdọ̀ fi ṣe yẹ̀yẹ́.

Ṣùgbọ́n ojú náà ní ibi tí agbára rẹ̀ mọ. Irin kì í bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n lójú ènìyàn títí yóò fi gbóná tó nǹkan bí 525 dígírì Celsius, inú òkùnkùn ni a sì ti lè rí i nígbà náà. Ní ọ̀sán gangan, ó ní láti gbóná jù bẹ́ẹ̀ lọ kí a tó mọ̀. Irin tí ó wà ní 400 dígírì kò yàtọ̀ lójú sí irin tí ó wà ní ìta láti àná. Òjé ń yọ́ ní 327 dígírì, alumíníọ́ọ̀mù ń yọ́ ní 660. Bí a bá yọ́ wọn, wọ́n máa ń dán bí fàdákà, wọn kì í pọ́n bí irin. Ọ̀pọ̀ ẹni tí ó ti fọwọ́ ba ìkòkò alumíníọ́ọ̀mù tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dà mọ ohun tí a ń sọ. Nítorí náà, láàárín ooru tí ó lè bó awọ ara ènìyàn àti ooru tí ojú ènìyàn lè rí, àlàfo ńlá wà. Inú àlàfo náà ni ikú òṣìṣẹ́ ń ba sí.

Ẹ jẹ́ kí a wo bí ìléru irin ti ń ṣiṣẹ́, nítorí bí a kò bá mọ̀ ọ́n, a kò lè mọ ohun tí a ń béèrè. Àwọn ọmọ tí ń ti kẹ̀kẹ́ ẹrù kiri àdúgbò Ajégúnlẹ̀, tí ń ra irin àlòkù lọ́wọ́ onílé àti mẹkáníìkì, ni ìbẹ̀rẹ̀ òwò náà. Irin tí wọ́n kó jọ ni a ń kó lọ sí àwọn ilé iṣẹ́ ìyọ́rin ní agbègbè Ìkòròdú àti Ògijo, ní ààlà Ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn. Níbẹ̀, a ń yọ́ ọ nínú ìléru oníná mànàmáná. Bí irin yóò bá yọ́ pátápátá tí yóò sì ṣeé dà, ooru rẹ̀ ní láti tó nǹkan bí 1,600 dígírì. Ooru bẹ́ẹ̀ yóò yọ́ ìkòkò irin yòówù tí a bá fi gbà á. Ìdí nìyí tí a fi ń fi amọ̀ líle àti bíríkì tí ń gba iná sára tẹ́ inú ìléru, kí irin yíyọ́ má baà kan ara rẹ̀. Ní ẹ̀yìn amọ̀ yìí, nínú irú ìléru tí ó wọ́pọ̀ jù fún irin àlòkù, ni ọ̀pá bàbà yí i ká, omi sì ń ṣàn nínú bàbà náà kí ó má baà jóná.

Ẹ wo bí nǹkan ti rí: irin yíyọ́ nínú, omi ní ìta, amọ̀ kan ṣoṣo láàárín wọn. Ní gbogbo ìgbà tí a bá yọ́ irin, iná ń jẹ díẹ̀ nínú amọ̀ náà. Ẹ̀yìnkùlé lọ̀tá wà, inú ilé laṣeni ń gbé. Ẹni tí ó dúró ní ìta kò rí i bí amọ̀ ti ń fẹ́lẹ́. Ọjọ́ tí ó bá tán, irin yíyọ́ yóò pàdé omi. Omi tí ó bá di oruku lójijì máa ń fẹ̀ tó ìlọ́po 1,700 bí ó ti wà tẹ́lẹ̀. Nígbà náà kì í tún ṣe ọ̀rọ̀ iná mọ́, ó ti di ọ̀rọ̀ àdó olóró. Irin yíyọ́ yóò sì tú sí gbogbo ẹni tí ó wà nítòsí bí òjò.

Kì í ṣe ìléru irin nìkan. Ní Àpápá níbẹ̀, ilé iṣẹ́ Dangote tí ń fọ ṣúgà lè fọ 1,440,000 tọ́ọ̀nù lọ́dún, agbára oruku inú bọ́ílà ni a sì fi ń ṣe irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ní Ewékorò, níbi tí sìmẹ́ńtì ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde ní 1960 ní ayé ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn, ìléru sìmẹ́ńtì ní láti mú òkúta gbóná dé nǹkan bí 1,450 dígírì. A kò fi ẹ̀sùn kankan kan àwọn ilé iṣẹ́ wọ̀nyí. Ohun tí a ń sọ ni pé iná ńlá ni gbogbo wọn gbára lé, gbogbo iná ńlá ni ó sì ní ògiri tí ń gbó.

Báwo wá ni ẹ̀rọ ayàwòrán ooru ti ń ṣiṣẹ́? Kì í ṣe idán, kì í sì í ṣe oògùn. Ní 1800, William Herschel ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì fi dígí onígun mẹ́ta pín ìmọ́lẹ̀ oòrùn sí àwọ̀ òṣùmàrè. Ó gbé ẹ̀rọ ìwọn-ooru sí abẹ́ àwọ̀ kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ó gbé e kọjá àwọ̀ pupa, sí ibi tí ojú rẹ̀ kò ti rí ìmọ́lẹ̀ kankan, ooru náà ròkè sí i. Ó mọ̀ nígbà náà pé ìtànṣán kan wà tí ojú kì í rí. Ohun gbogbo tí ó wà láyé ni ó ń tan ìtànṣán yìí, ì báà ṣe ènìyàn, ògiri tàbí irin. Bí ó bá ti ń gbóná sí i ni ìtànṣán rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Kámẹ́rà ooru ń gba ìtànṣán náà sójú, ó sì ń sọ ọ́ di àwòrán aláwọ̀ tí ènìyàn lè rí. Bí ibì kan lára ìléru bá gbóná ju ibi tí ó yí i ká lọ, yóò yọ nínú àwòrán bí ẹni tí ó wọ aṣọ pupa láàárín àwọn tí ó wọ aṣọ dúdú. Ibẹ̀ ni amọ̀ ti fẹ́lẹ́. Bí a bá ya àwòrán ibẹ̀ lóṣù yìí, tí a tún yà á lóṣù tí ń bọ̀, a ó mọ bí iná ti ń yára jẹ ẹ́ tó, a ó sì mọ ọjọ́ tí ó yẹ kí a pa ìléru náà kí a tún un tẹ́. Òkèèrè ni olójú jínjìn ti ń mẹ́kún sun. Ní àwọn ilé iṣẹ́ sìmẹ́ńtì káàkiri àgbáyé, iṣẹ́ ojoojúmọ́ ni èyí jẹ́.

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ kò nílò kí a ṣàlàyé jìnnà fún yín. Ní 2014, nígbà tí àrùn Ẹbólà wọ Èkó, àwọn ilé ìwé kò tètè ṣí. Nígbà tí wọ́n wá ṣí, ẹ̀yin ni ẹ dúró ní ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ní àárọ̀, tí ẹ ń na ẹ̀rọ kékeré sí iwájú orí ọmọ kọ̀ọ̀kan láti mọ̀ bí ara rẹ̀ bá gbóná, láìfọwọ́ kàn án. Ní 2020, nígbà àrùn Kòrónà, a tún gbé e jáde ní ọ́fíìsì, ní ilé ìfowópamọ́, ní ilé ìsìn. Ìtànṣán tí Herschel rí ni ẹ̀rọ náà ń wọ̀n. Ọmọ ìyá kan náà ni òun àti kámẹ́rà ooru. Ọ̀kan ń wọn ibì kan ṣoṣo, èkejì ń wọn ẹgbẹẹgbẹ̀rún ibi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìbéèrè wa kò ju èyí lọ: bí a bá lè wá ojú tí ń rí ooru nítorí ibà ọmọ, èé ṣe tí a kò lè wá a nítorí ìléru tí baba ọmọ náà ń dúró tì?

A mọ̀ pé àwọn kan yóò takò wá, ó sì tọ́ kí a dá wọn lóhùn.

Àwọn kan yóò sọ pé ẹ̀rọ náà lè tan ènìyàn jẹ. Òótọ́ ni, a kò sì ní fi pamọ́. Irin tí ń dán kì í tan ìtànṣán tó èyí tí ó dípẹtà tàbí tí ó dúdú. Bí ooru wọn tilẹ̀ dọ́gba, èyí tí ń dán yóò dà bí ẹni pé ó tutù nínú àwòrán, yóò sì tún máa fi ooru ohun mìíràn hàn bí dígí ìwojú. Eruku àti oruku lè bo ojú kámẹ́rà. Ó kéré tán, a gbọ́dọ̀ mọ̀ pé kámẹ́rà kì í wo inú ògiri. Ojú ògiri ni ó ń wò, òye ènìyàn ni ó sì ń sọ ohun tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀. Kámẹ́rà tí a rà fún ibà kò sì lè wọn ìléru, nítorí ẹni tí a fi kọ́ kíka 40 kò lè ka 1,600. Ṣùgbọ́n gbogbo èyí kì í ṣe ìdí láti kọ̀ ọ́. Ìdí láti kọ́ni ni. A kì í torí pé òṣùwọ̀n lè parọ́ lọ́wọ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò kí a máa fojú díwọ̀n wúrà.

Àwọn kan yóò sọ pé owó rẹ̀ pọ̀. A bi wọ́n pé, owó ìléru tí ó fọ́ ńkọ́? Owó oṣù mélòó kan tí iṣẹ́ fi dúró ńkọ́? Ooru tí ń gba ojú ògiri jáde, ṣé kì í ṣe owó mànàmáná, owó gáàsì àti owó dísù ni ó ń jóná lọ bẹ́ẹ̀? Àwòrán kan náà tí yóò gba ẹ̀mí òṣìṣẹ́ là ni yóò fi han olówó ibi tí owó rẹ̀ ti ń jò. Bí ó bá tilẹ̀ jẹ́ pé kò sí èrè kankan níbẹ̀ fún un, a kò ní torí èyí dákẹ́. Ẹni tí ó bá lówó láti dá ìléru sílẹ̀ gbọ́dọ̀ lówó láti ṣọ́ ọ. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn.

Àwọn kẹta, ọ̀rọ̀ tiwọn ni ó wúwo jù lójú wa. Wọ́n ní bí a bá fún alábẹ̀wò ìjọba ní agbára titun, ọ̀nà àbẹ̀tẹ́lẹ̀ titun ni a là fún un. A kò lè pe àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀ ní òpùrọ́, nítorí a jọ ń gbé ìlú yìí ni. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a ronú díẹ̀. Nígbà tí alábẹ̀wò bá fi ojú lásán wo ìléru, tí ó sì kọ ọ́ sínú ìwé pé ó dára, ta ni yóò jà á níyàn? Ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ni ẹ̀rí. Ṣùgbọ́n àwòrán tí a kọ ọjọ́ àti wákàtí sí lára, tí a sì ṣe ẹ̀dà rẹ̀ mẹ́ta, tí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ìjọba, tí ọ̀kan wà lọ́wọ́ ilé iṣẹ́, tí ọ̀kan sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́, ẹni tí yóò fi owó bò ó mọ́lẹ̀ ní láti san án lójú mẹ́ta. Nítorí náà, kì í ṣe kámẹ́rà nìkan ni a ń béèrè. Ohun tí a ń béèrè jù lọ ni pé kí òṣìṣẹ́ ní ẹ̀tọ́ láti rí àwòrán ìléru tí òun ń dúró tì, kí ó sì ní ẹ̀tọ́ láti kúrò níbẹ̀ láìpàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nígbà tí àwòrán bá sọ pé ewu ti dé. Bí àwòrán bá wà lábẹ́ kọ́kọ́rọ́ nínú yàrá ọ̀gá, ó sàn kí a má tilẹ̀ yà á. Nítorí ẹni tí kò mọ̀ lè sọ pé òun kò mọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ó mọ̀ tí ó sì dákẹ́ ti di alábàápín nínú ẹ̀jẹ̀.

Kí ni òfin wa sọ? Òfin ilé iṣẹ́ tí ó wà lónìí, tí a ń pè ní Factories Act, jẹ́ ti 1987. Ó pàṣẹ pé kí alábẹ̀wò tí ìjọba fọwọ́ sí máa yẹ bọ́ílà wò ní àkókò tí a dá, ó sì fún àwọn alábẹ̀wò ní àṣẹ láti wọ ilé iṣẹ́. Ohun rere ni. Ṣùgbọ́n kò sọ ọ̀rọ̀ kan nípa àwòrán ooru, owó ìtanràn tí ó sì wà nínú rẹ̀ jẹ́ ti ayé ọjọ́un. Ẹgbẹ̀rún náírà díẹ̀ tí ó ba ènìyàn lẹ́rù nígbà náà kò tó owó epo tírélà kan lónìí. Òfin Employee's Compensation ti 2010 pàṣẹ pé kí agbanisíṣẹ́ máa dá owó sí àpò kan tí a ó fi ran òṣìṣẹ́ tí ó farapa lọ́wọ́, àti àwọn tí ẹni tí ó kú fi sílẹ̀. Èyí náà dára, ṣùgbọ́n owó ìsìnkú kì í jí òkú. Kí a tó máa pín owó lẹ́yìn ọ̀ràn, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ fi ojú ṣọ́ orí.

Ohun kan wà tí ó yẹ kí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú mọ̀, kí àwọn aṣojú má baà fi ọ̀rọ̀ dídùn tàn wọ́n jẹ. Ìwé òfin ilẹ̀ wa ti 1999 fi ọ̀rọ̀ ààbò òṣìṣẹ́ sí ọwọ́ Ìjọba Àpapọ̀ nìkan. Nítorí náà, aṣòfin ìpínlẹ̀ kò lè tún òfin 1987 ṣe. Abùjá ni a ó gbé ọ̀rọ̀ náà lọ. Ṣùgbọ́n kí ìjọba ìpínlẹ̀ má ṣe fi èyí fọwọ́ lẹ́rán. Tìpínlẹ̀ ni iṣẹ́ panápaná. Èkó ní àjọ tirẹ̀ tí ń rí sí ààbò, Lagos State Safety Commission. Ìpínlẹ̀ Ògùn ni ó ni ilẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ìléru wà lórí rẹ̀. Kò sí òfin tí ó sọ pé kí ìpínlẹ̀ má ra kámẹ́rà, kí ó má kọ́ panápaná rẹ̀, kí ó má sì bá alábẹ̀wò Ìjọba Àpapọ̀ jọ rìn. Iná tí ó bá sọ ní Ògijo kò ní béèrè bóyá tìpínlẹ̀ ni òun tàbí ti àpapọ̀.

Ohun tí a ń béèrè nìyí, kí ó yé gbogbo ènìyàn. Kí Ilé Ìgbìmọ̀ Aṣòfin Àpapọ̀ tún òfin 1987 ṣe, kí ó pàṣẹ pé kí a máa ya àwòrán ooru gbogbo ìléru, gbogbo ìkòkò tí a fi ń gbé irin yíyọ́, àti gbogbo bọ́ílà ńlá, ní ìgbà tí ó ṣe déédéé, láti ọwọ́ ẹni tí ó kọ́ iṣẹ́ náà. Kí ìtanràn sì jẹ́ èyí tí yóò ká olówó lára. Kí ìpínlẹ̀ Èkó àti Ògùn fún àwọn panápaná ní ẹ̀rọ náà. Kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ bíi Yábà College of Technology, tí ó ti ń kọ́ ọmọ wa ní iṣẹ́ ọwọ́ láti 1947, kọ́ wọn ní iṣẹ́ yìí, kí a má baà máa wọ ọkọ̀ òfuurufú lọ gbé ẹni tí yóò ka àwòrán wa fún wa. Kí ẹ̀dà àwòrán sì wà lọ́wọ́ ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́. A tún fi kún un pé kámẹ́rà ooru kì í rí èéfín òjé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe fi àwòrán ooru ṣe bojúbojú fún májèlé tí ń wọ inú afẹ́fẹ́ àti ilẹ̀ àwọn ará àdúgbò. Ọ̀ràn ọ̀tọ̀ ni ìyẹn, a ó sì padà sórí rẹ̀ ní ọjọ́ mìíràn.

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa, nígbà tí àwọn tí ń wá ìbò bá tún dé Ajégúnlẹ̀ pẹ̀lú àpò ìrẹsì àti aṣọ àǹkárá, ẹ gbà wọ́n pẹ̀lú ọ̀wọ̀, nítorí ọmọlúàbí ni yín. Lẹ́yìn náà, ẹ bi wọ́n léèrè: ta ni ó ń wo ìléru tí ọmọ wa ń dúró tì, ojú wo ni ó sì fi ń wò ó? Ẹni tí kò bá ní èsì, ẹ jẹ́ kí ó lọ ronú sí i kí ó tó padà wá. Nígbà tí ìjọba Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní 1955, ọ̀pọ̀ ni ó sọ pé kò ṣeé ṣe, pé owó kò tó. Nígbà tí ó gbé ilé iṣẹ́ amóhùnmáwòrán kalẹ̀ ní Ìbàdàn ní 1959, àwọn kan rẹ́rìn-ín. Àwọn tí ó ṣe é kò dúró de ẹ̀rín. Ìran tí ó mọ iyì àwòrán nígbà náà kò gbọdọ̀ bẹ̀rù àwòrán nísinsìnyí.

Ẹ̀yin olùkọ́, iṣẹ́ tiyín kò ná yín ní ohun púpọ̀. Ẹ gbé abọ́ irin méjì sórí tábìlì, ọ̀kan tí èéfín ti sọ di dúdú, èkejì tí ń dán. Ẹ bu omi gbígbóná sí méjèèjì, kí àwọn ọmọ sì na àtẹ́lẹwọ́ súnmọ́ ẹ̀gbẹ́ wọn láìfọwọ́ kàn án. Wọn yóò mọ̀ pé èyí tí ó dúdú ń tan ooru ju èyí tí ń dán lọ, bẹ́ẹ̀ omi kan náà ni ó wà nínú wọn. Ọmọ tí ó bá ti mọ èyí ti mọ ìpìlẹ̀ iṣẹ́ náà. Bóyá òun ni yóò di alábẹ̀wò lọ́la. Bóyá òun ni yóò jẹ́ òṣìṣẹ́ tí yóò sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé, "Ọ̀gá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ wo àwòrán."

Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Àwọn tí ń gba Warehouse Road lọ ní àárọ̀ ni àwọn tí ń gbà á padà ní alẹ́. Ohun tí a ń béèrè kò ju kí iye tí ó lọ àti iye tí ó padà dọ́gba lọ.